Ẹ̀gbà Ẹsẹ̀ Gbádébọ̀

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Gbádébọ̀ ti ń gbálẹ̀ fún Ìyá Níran láràárọ̀. Oògùn olóró tí Gbádébọ̀ tà ló pa Níran, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí. Ilé ẹjọ́ fi ẹ̀gbà irin kan tó ń sọ̀rọ̀ sí i lẹ́sẹ̀, tí kò ní ṣí àfi bí ìyá náà bá dárí jì í.

Bó ṣe gbálẹ̀ tán, ẹ̀gbà náà tún béèrè: “Ìyá, ṣé ẹ dárí jì í?”

Ogbó ti mú kí iyè ìyá rá. Ó wo Gbádébọ̀ bí ẹni ń wo ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Kí ni Níran mi ṣe?”

Bí Gbádébọ̀ bá sọ òtítọ́, ó lè dòmìnira. Ṣùgbọ́n ojú wo ni yóò fi pa Níran lẹ́ẹ̀kejì?

“Kò ṣe nǹkan kan, màmá mi,” ó fi omijé dáhùn. “Ẹ̀kọ yín ti ń tutù.”