Bíìnì Tó Mọ́ Jù Lọ ní Peckham

Ṣàmsúdéènì múra bí ọkọ ìyàwó.

Lónìí ni ọ̀gá rẹ̀, Mrs Tinúọlá, ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Peckham.

Iṣẹ́ náà ni kó máa kọ́ àwọn ilé oúnjẹ bí oúnjẹ tó ṣẹ́kù kò ṣe ní máa kún bíìnì wọn.

Àwọn ti Deptford kò gbọ́. Àwọn ti Nunhead ń bá a jiyàn.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Aunty Mìsítúrà tó ń ta oúnjẹ ní Peckham, láti oṣù méjì ni bíìnì oúnjẹ ti mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Wọ́n mọyì olùkọ́ wọn níbẹ̀. Bó bá ti wá wọ̀n bíìnì nírọ̀lẹ́, wọ́n á di ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti pààrọ̀ ṣòkòtò, torí wọn kò gba ìdí rẹ̀ mọ́.

Mrs Tinúọlá ṣí bíìnì náà, ẹnu yà á.

Ṣàmsúdéènì gbé àyà síwájú. "Aunty, ẹ sọ fún wọn. Èwo nínú ẹ̀kọ́ mi ló ràn yín lọ́wọ́ jù?"

"Ẹ̀kọ́ kẹ̀?" Aunty Mìsítúrà ń fi aṣọ nu ọwọ́, ojú ń tì í. "Ẹ má bínú o, sir. Ohun tó bá ti ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ẹ̀yin náà la máa ń dì í fún."

Mrs Tinúọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó na fọ́ọ̀mù sí Ṣàmsúdéènì.

"Ibo ni oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń lọ?" ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ṣàmsúdéènì gba bírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀.