Oúnjẹ Ọ̀sán fún Àwọn Olóògbé

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí bàbá yín bá ṣì wà láyé, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1.

Ní ìlú Porto, ilé ẹgbẹ́ kan wà tí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń wọlé, àti àlejò tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Duarte Quintela, lọ́yà, ti di ọmọ ẹgbẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Òdì kejì odò ni bàbá rẹ̀, Belmiro, ń gbé, níbi tó ti fi ogójì ọdún yí àgbá wáìnì fún àwọn tí ọmọ wọn ń jókòó nílé ẹgbẹ́ náà báyìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù, Duarte á yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á sì mú ìwé ètò ẹgbẹ́ fún oṣù tó ń bọ̀ dání, nítorí bàbá ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa mú un wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń wu Belmiro: kó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ilé ẹgbẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n jọ gbọ́ dùùrù, kí ẹnì kan sì bi í pé, "Bàbá, ta lẹ bá wá?" kó lè rí nǹkan dáhùn.

Graciete, aládùúgbò rẹ̀, kì í jẹ́ kó rímú mí. "Bàbá Duarte, ẹ tún ń ka ìwé oúnjẹ tí wọn ò ní bù fún yín."

"Wọn ò tíì gba òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Bí Duarte bá dé, ó di ìbéèrè.

"Dùùrù ọjọ́ kẹjọ yìí ńkọ́?"

"Bàbá, ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni."

"Ijó ńkọ́?"

"Tọkọtaya nìkan."

"Èso kastánìà sísun ńkọ́? Kastánìà ò mọ tọkọtaya."

"Oṣù tó ń bọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ọdún mẹ́fà ló ti ń wò ó.

2.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí Duarte gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, wọ́n béèrè orúkọ àti iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé oníṣòwò wáìnì ni. Ó wá rò ó pé wọ́n lè ní kó mú un wá kí àwọn rí i. Ló bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: olóògbé.

Bó ṣe sin bàbá tó ṣì ń jẹ búrẹ́dì nìyẹn. Kò ná an ju yíǹkì lọ.

3.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá, ẹgbẹ́ máa ń gbàdúrà, wọ́n sì ń jẹun ọ̀sán ní ìrántí àwọn òkú wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ló ń mú orúkọ òkú rẹ̀ wá. Lọ́dún yẹn, akọ̀wé tuntun kan tí iṣẹ́ ń gùn bí ẹṣin kó gbogbo orúkọ òbí olóògbé jáde nínú fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ wọ́n sẹ́yìn ìwé ètò. Duarte ò tiẹ̀ ṣí ìwé náà. Ó gbé e sórí tábìlì bàbá rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Belmiro wọ awò. Ó ka dùùrù, ó ka ijó, ó yí ìwé padà. Láàárín Pinto àti Rebelo, ó bá ara rẹ̀ pàdé: Belmiro Augusto Quintela, oníṣòwò wáìnì. Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó pe Graciete kó bá òun kà á. Graciete kà á, kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Orúkọ lè jọra, Bàbá Duarte."

"Augusto náà?"

Obìnrin náà ká ìwé náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n ń se oúnjẹ nítorí mi. Màá lọ jẹ ẹ́."

4.

Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù tó fi sin ìyàwó rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin afárá kọjá. Silvestre, aṣọ́nà ilé ẹgbẹ́, dá a dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Bàbá, ta ló pè yín?"

Belmiro fi ìka sórí ìwé. "Èmi nìyí. Mo ní kí n wá wò ó bóyá oúnjẹ mi kù."

Silvestre rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé bàbá ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó mú un dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Duarte wà láàárín àwọn oníwáìnì, ife lọ́wọ́.

"Lọ́yà, ẹ mọ bàbá yìí?"

Gbogbo tábìlì yíjú. Belmiro rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kò bá ti ìjà wá. Bí Duarte bá sọ pé "bàbá mi ni", kódà kó rọra wí i, bàbá á jókòó, á sì ti dárí jì í kí ọbẹ̀ tó tutù.

Duarte ń wo ife rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ má bínú," ni Belmiro sọ fún Silvestre. "Mo ṣi ilé ni." Ó sì yí padà.

5.

Silvestre ti ka orúkọ, ó sì ti rí i pé imú kan náà ló wà lójú àwọn méjèèjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́. Wọn ò lé Duarte. Wọ́n ń kí i, wọ́n á wá lọ jókòó síbòmíràn. Àwọn oníwáìnì tó ń gbé ẹjọ́ fún un náà rántí pé lọ́yà pọ̀ nílùú.

Nínú oṣù kejìlá, ó kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, káàdì àlejò lọ́wọ́.

"Bàbá, mo ti kọ orúkọ yín. Dùùrù Kérésìmesì ni. Ẹ̀gbẹ́ mi gan-an lẹ máa jókòó sí."

Belmiro ka káàdì náà, ó tún un kà.

"Ó wù mí, Duarte. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó ṣì ń wù mí."

"Ẹ jẹ́ ká lọ nígbà náà."

"Ta ló ń jókòó tì ẹ́ níbẹ̀ báyìí?"

Duarte yíjú sí ilẹ̀kùn.

"Ìgbà tí àga ẹ̀gbẹ́ ẹ ṣófo lo wá rántí mi." Ó dá káàdì náà padà fún un. "Jẹun kó o tó lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wà lórí iná."

Ó bu ọbẹ̀ fún un, ó gé búrẹ́dì tì í. Lẹ́yìn náà, ó gbé abọ́ tirẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́ lórí ìdúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run gbé ga, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ ń tijú rẹ̀ lónìí kò ní máa dúró títí ojú yín yóò fi là. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ni bàbá yín, ẹ tètè dáhùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń sin ènìyàn, ẹni tó bá sì sin láàyè, ẹkún kì í jí i. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.