Jagunjagun Fẹ́yìsayọ̀

Ká má purọ́, ìyá àgbà ló kọ́kọ́ hùwà òmùgọ̀. Ó dojú páàdì eré kodò, ó sì kí iwin inú tẹlifíṣọ̀n pé, “Ẹ kú ọ̀sán o.” Àáké ni iwin fi dá a lóhùn. Ìyá àgbà gbá itan, ó bú sẹ́rìn-ín. “Èmi àti ìdí ńlá mi, kí la wá dé ìhín?”

Ó kúkú mọ ohun tó bá wá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó sọ fún àwọn méjì tí Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, máa ń bá ṣeré láti ilé wọn, kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Ohùn wọn ń dún nínú ẹ̀rọ tó fi bo etí.

“Eré yìí ti le jù!” Sùfíyánù ké láti ilé wọn ní àdúgbò Banifandou. “Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ti pa wá. Ìkà lẹni tó ṣe é.”

“Ojo ni ẹ́,” Kàfáyá fèsì láti àdúgbò tiwọn, Maourey. “Líle ẹ̀ ni adùn ẹ̀. Èyí téèyàn lè dá ṣe, kí ló ń wá ọ̀rẹ́ sí? Fẹ́yìsayọ̀, o mà pẹ́! Ṣé ibà yẹn ti lọ?”

Àwọn ọ̀dọ́ ilé ti gbé Fẹ́yìsayọ̀ lọ sí itẹ́ òkú. Àgbà kì í dé ibojì ọmọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí ìyá àgbà jókòó sílé.

Iwin tún ju àáké. Jagunjagun Fẹ́yìsayọ̀ ṣubú.

“Má jáde o!” Kàfáyá pariwo. “Dúró síbẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀. Mò ń bọ̀ wá jí ẹ dìde.”