Ogún Inú Ẹ̀jẹ̀

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí iná ìdáná wa tó lè ràn, mo gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ọmọrí ìkòkò kó lè ka ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi. Lónìí, ìkòkò ní, “Ọ̀ọ́dúnrún. Kò yẹ kó kọjá igba.”

Ẹnu yà mí. Ọdún méje rèé tí mo ti fi ẹyin àti awọ ẹran sílẹ̀.

Mojírọ́lá ìyàwó mi wò mí. “Baba Ìbídùn, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń lọ jẹ ṣàkì?”

Ìkòkò gbà mí sílẹ̀. “Kì í ṣe oúnjẹ. Ogún baba yín ni.”

Ogún wo? Akínbọ̀dé àbúrò mi ló kó gbogbo oko kòkó baba wa. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí n kò ti bá a sọ̀rọ̀.

“Inú ẹ̀jẹ̀ ni ogún yìí wà. Ó ṣeé ṣe kí àbúrò yín náà ní in,” ni ìkòkò wí. “Ó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró lójijì. Òfin kò jẹ́ kí n sọ fún un. Ẹbí nìkan ló lè sọ ọ́.”

Mo gbé fóònù, mo pè é.

“Bọ̀ọ̀dá mi?” ni Akínbọ̀dé wí. “Ta ló kú?”

“Kò tíì sẹ́ni tó kú,” ni mo wí. “Lọ tẹ ìkòkò rẹ.”