Ẹja Igi Lójú Ọ̀nà Ihunbo

"Bàbá, tuntun lèyí. Kútọnù lẹ ti gbé e wọlé."

Ẹ̀ṣọ́ bọ́dà tó dá apẹja dúró lójú ọ̀nà Ihunbo gbé ẹja igi náà sókè, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kẹfà rèé tí apẹja ti ń fi ẹja igi yẹn tan ẹja ńlá wá síbi ìwọ̀ nínú odò Yewa. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, tí tuntun ò wọlé mọ́, ló fi sáńpépà ha á, tó fi ọ̀dà kùn ún, tó sì fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀ bò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí omi má baà wọ inú igi. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ṣe é.

"Ọ̀gá, ó ti gbó tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo tún un ṣe."

"Gbó báwo? Nǹkan tó ń dán gbinrin!"

Apẹja já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fi ọ̀bẹ họ gbogbo ọ̀dà náà kúrò, títí igi dúdú tí eyín ẹja ti jẹ kiri fi yọ síta.

"Ẹ wò ó! Ṣé tuntun lèyí?"

Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó títí. Ló bá sáré lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì mú ẹja igi tirẹ̀ wá, èyí tóun náà fi ń pẹja lọ́jọ́ ìsinmi, tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kun tèmi náà. Ọjọ́ wo ni kí n wá gbà á?"