Ẹ Dárúkọ Ọkọ Yín

"Màdámù, kí ni orúkọ ọkùnrin tí ọlọ́pàá bá nínú yàrá yín?" ni ògbufọ̀ kóòtù béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ará Èkó kan nílùú Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, lọ́dún 1995.

"Ọkọ mi ni, sà. Ọjà la wá rà ní Deira. Èkó ni ìwé ìgbéyàwó wa wà."

"Adájọ́ ní kí ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rí i báyìí pé ìyàwó gidi lòun. "Ìyàwó tí wọ́n kọ́ nílé kì í pe ọkọ lórúkọ, sà."

Ògbufọ̀ wo aago, ó túmọ̀ rẹ̀ ní ṣókí: "Kò dárúkọ."

"Khalas, ó parí," ni adájọ́ wí. "Kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹgba fún àgbèrè."

Ní ẹgba kẹrin, ó figbe ta: "Olúṣẹ̀san! Olúṣẹ̀san lorúkọ ẹ̀!"

Ẹni tó ń nà án ò gbọ́ Yorùbá. Ògbufọ̀ ti lọ jẹun.