Ẹ̀rín Háàfù Táìmù

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba ètò bọ́ọ̀lù orí rédíò àárọ̀ Jímọ̀ jẹ́ lójú Tíṣà Olújìmí, ohun náà sì ni àwàdà. Ètò gidi, tí àwọn ọlọ́pọlọ ń jókòó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ni wọ́n lọ ki ẹ̀fẹ̀ bọ̀ láàárín, wọ́n wá pè é ní "Ẹ̀rín Háàfù Táìmù". Gbogbo Kétu títí dé Alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Tíṣà kì í gbọ́ ọ ní tirẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bí ìpolówó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí àwàdà tó wọlé, á ti pa rédíò rẹ̀, á máa retí kí Débọ́lá, olóòtú ètò náà, pe òun láti ilé iṣẹ́ rédíò ní Anthony. Òfin rédíò ni: ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ pa rédíò ilé rẹ̀, kó má baà máa súfèé mọ́ ọn létí. Ìgbà tó bá sọ tirẹ̀ tán tó tún tan rédíò, ẹ̀rín ni yóò bá nílẹ̀. Àwọn aláwàdà náà kì í mọ̀gbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohunkóhun mọ́ àfi Débọ́lá. Ìpè ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó fá irùngbọ̀n. A tilẹ̀ máa de táì kó tó gbé fóònù, torí àwọn olùgbọ́.

Àlàyé rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé. Òun ló là á yé Nàìjíríà pé ìbọ̀sẹ̀ tó fún jù ni kì í jẹ́ kí Super Eagles rí ojú àwọ̀n, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè gòkè dé ọpọlọ wọn. Òun náà ló ní bàbá ìbejì ni kí wọ́n máa fi ṣe gólíkípà, ṣebí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Débọ́lá kì í já a lẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀ débì kan, olóòtú náà á dákẹ́ lọ gbáà, Tíṣà á sì mọ̀ pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

"Prófẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ti bàbá ìbejì yẹn sọ," Débọ́lá á wí, ohùn rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ọgbọ́n máa ń ba ọmọ èèyàn lẹ́rù nígbà mìíràn.

Bó bá wá jáde lọ́sàn-án, àwọn èèyàn á máa kí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Ní Jímọ̀ kan, ní Mile 12, Ruqoyah alátòmátì fi gèlè nu omijé ẹ̀rín.

"Tíṣà wa! Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pàdánù yín o! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́, kí lẹ máa sọ?"

Inú Tíṣà bàjẹ́. Obìnrin tó gbọ́ àlàyé ìjìnlẹ̀ láàárọ̀, àwàdà ọ̀hún ló ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Mo máa jẹ́ kí wọ́n yọ àwàdà yẹn kúrò," ó sọ fún Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà tó padà délé ní Ìkòsì. "Kí wọ́n fi àkókò ẹ̀ kún tèmi."

Folúkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Daddy Lará, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Àbí ìwọ náà ń gbọ́ ọ?"

"Mi ò kí ń gbọ́ ọ. Ìta ni mo máa ń lọ. Àmọ́ ẹ ṣáà fi wọ́n sílẹ̀."

Omi ti lé sójú rẹ̀. Ó ya Tíṣà lẹ́nu pé ìyá ìjọ lè máa sunkún nítorí aláwàdà.

Ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Elkanah ní Kétu. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ọ̀dà ilé tí Elkanah ń tà sì ni wọ́n ń polówó kí àwàdà náà tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni baba ìsàlẹ̀ àwàdà náà.

"Elkanah, ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyí? Ṣé irú nǹkan tó yẹ kó o máa ti lẹ́yìn nìyẹn?"

Ojú Elkanah yí padà. "Tíṣà, ta ló sọ fún yín?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Ṣé mi ò létí ni?"

Elkanah dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín agolo ọ̀dà, níṣojú àwọn oníbàárà rẹ̀. "Sọ́rì sà. A ò mọ̀ pé ó máa dùn yín tó báyìí. Ó ti parí, sà."

Tíṣà gbé e dìde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó sì gbọ́, ẹ wò ó bó ṣe ń ṣe. Orin ló ń kọ lọ sílé.

Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, ó fá irùngbọ̀n, ó de táì tuntun. Débọ́lá kéde lórí rédíò pé kò ní sí Ẹ̀rín Háàfù Táìmù mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Tíṣà pàtẹ́wọ́, ó pa rédíò, ó wúkọ́, ó gbé fóònù síwájú. Kiní náà kò dún. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Folúkẹ́, filáàṣì mi."

Folúkẹ́ filáàṣì rẹ̀. Fóònù dún ketekete. Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó na ọwọ́ sí rédíò, ọwọ́ Folúkẹ́ ti ṣáájú débẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó wà ní pípa lónìí," ó wí. Tíṣà rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, ó sì tan rédíò.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń pè wá pé kí ló dé tí a fi dáwọ́ àwàdà yín dúró," ni Débọ́lá ń wí, "ẹ má bínú sí wa, Tíṣà Olújìmí ti Ìkòsì tó máa ń ṣe é fún wa ló lọ bẹ Elkanah fúnra wọn pé ó tó gẹ́ẹ́."